Bí Ìwọ́ra Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Àgbà àti Lára Ọmọ Ọwọ́

Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń gbé Saddle Ridge, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Calgary, iṣẹ́ agbára là ń ṣe. Àwọn kan ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, àwọn kan ń kó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, àwọn mìíràn ń wa takisí lóru. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀yìn ti le gbagidi, ọrùn kò ṣeé yí mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ lọ ṣe massage therapy, pé ìbánigbófò ibi iṣẹ́ yín lè san án. Ìwọ́ra náà ni. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fi ìpara Àbóníkí ra lẹ́yìn rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù ká mọ̀ ni ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe nínú ara, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Tí ẹ bá lo ara kọjá bó ṣe yẹ, iṣan á fà ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, ara á sì kó àwọn èròjà tó ń fa wíwú àti ìrora lọ síbẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní McMaster University, nílùú Hamilton ní Kánádà níbí, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́kùnrin 11 wa kẹ̀kẹ́ títí agara fi dá wọn. Wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, wọ́n wá bu ẹran bíńtín nínú itan méjèèjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n wọ́, àmì wíwú ti dín kù. Ṣùgbọ́n lactic acid, omi kíkan tí iṣan máa ń ṣe nígbà iṣẹ́ líle, kò dín rárá. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwọ́ra ń fọ májèlé kúrò lára, ẹ má gbà á gbọ́.

Ti ẹ̀yìn ríro ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tí wọ́n ṣe ní agbègbè Seattle, lo ènìyàn 401 tí ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n tipẹ́. Àwọn tí wọ́n wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10, sàn ju àwọn tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣì hàn lára wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmọ́ nígbà tí ọdún yí po, ìyàtọ̀ náà ti lọ sílẹ̀. Ibi tó wù mí jù nínú rẹ̀ nìyí: ìwọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe dáadáa bí èyí tó wọ eegun. Kò dìgbà tí wọ́n bá fi ìgúnpá gún yín títí ẹ ó fi ké.

Ìwọ́ra tún ń mú kí ọkàn rọlẹ̀, ó ń mú kí oorun wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ dá oògùn yín dúró.

Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ọwọ́ lè ṣí i nípò, kó sì gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn lẹ máa gbà lọ. Aboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún olùwọ́ra kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Ní Ontario àti British Columbia, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ló ń ṣàkóso àwọn olùwọ́ra. Títí di 2024, Alberta kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè ẹgbẹ́ tí olùwọ́ra náà wà, bíi Massage Therapist Association of Alberta, àti ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Káàdì ìlera Alberta kì í san owó ìwọ́ra. Ìbánigbófò ibi iṣẹ́ ló lè san án, ó sì máa ń bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ olùwọ́ra tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́ ẹ̀.

Ó wá ku àwọn ọmọ. Ní Duke University, ní Amẹ́ríkà, Saul Schanberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá gba ọmọ eku lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èròjà tó ń mú un dàgbà á lọ sílẹ̀. Oúnjẹ nìkan kò yanjú rẹ̀. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n ń fi ra á lára pẹ̀lú agbára díẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń lá a.

Tiffany Field, ní University of Miami, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Ní 1986, òun, Schanberg àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ 40 tí wọ́n bí láìpé oṣù. Wọ́n wọ́ ìdajì wọn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ 10. Àwọn wọ̀nyí kò jẹun ju àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ń fi kún lójúmọ́ fi ìdá 47 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú wọn lọ sílé.

Àlàyé Field ni pé ọwọ́ ń ta iṣan ìmọ̀lára kan jí, èyí tó ń jẹ́ vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn. Ọkàn á rọlẹ̀, ikùn á sì da oúnjẹ dáadáa. Ọwọ́ tó fẹ́rẹ́ jù kì í ṣiṣẹ́ yẹn. Ìwọ̀n tó yẹ ni ti ẹni tó ń tẹ mángòrò wò lọ́jà bóyá ó ti rọ̀: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò fọ́ ọ.

Fún ọmọ tó pé oṣù tí ara rẹ̀ sì le, ẹ̀rí pé ìwọ́ra ń mú un sanra kò lágbára. Èrè tirẹ̀ ni oorun, àti pé ọmọ àti òbí ń mọ ara wọn. Èrè ńlá ni mo ka ìyẹn sí, pàápàá fún bàbá tó ń ti iṣẹ́ òru dé.

Ẹ jẹ́ kí yàrá móoru, kí oúnjẹ ọmọ ti dà díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ láti itan lọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Lórí ikùn, ẹ máa yí ọwọ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, torí ọ̀nà tí ìfun ńlá gbà nìyẹn. Tó bá yíjú kúrò tàbí tó ń ké, ẹ dáwọ́ dúró.

Atẹ́gùn Calgary gbẹ púpọ̀, awọ ọmọ sì ń tètè gbẹ, nítorí náà ẹ lo òróró. Adín àgbọn dára. Ẹ yẹra fún òróró ólífì, nítorí ìwádìí láti Manchester fi hàn pé ó lè ba ààbò awọ jẹ́. Àbóníkí àti Rọ́ọ̀bù kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́. Wọ́n lè dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá láti ilé láti wẹ ọmọ-ọmọ yín, a nílò ọwọ́ yín. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa ẹsẹ̀ ọmọ tipátipá, oríkèé ìbàdí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ má jù ú sókè, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ìwọ́ tàbí àwùjẹ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Tí ohun mìíràn bá ń dà yín láàmú nípa rẹ̀, ẹ pe 811, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sántòru.