Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára ṣe wọ inú chip

Fídíò tí ẹ ń wò lórí fóònù ní Èkó lè ti gba abẹ́ òkun kọjá kó tó dé ọwọ́ yín. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010, gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Portugal wá sí Èkó. Ìmọ́lẹ̀ inú gíláàsì tín-ín-rín ló ń gbé iṣẹ́ náà.

Àmọ́ ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀. Tó bá rin bíi 100 kìlómítà, díẹ̀ ló ń kù nínú agbára rẹ̀. Inú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ jí ni fáíbà tí wọ́n po èròjà erbium mọ́ wà: lésà á kó agbára fún erbium, erbium á sì gbé e fún ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá.

Fáíbà yẹn máa ń gùn tó ọ̀pọ̀ mítà. Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú irú rẹ̀ lórí chip kò rí ju 1 mílíwáàtì lọ, ìyẹn ò sì tó ọ̀nà jíjìn.

Lọ́dún 2022, ikọ̀ Tobias Kippenberg ní fásitì EPFL, ní Switzerland, yin erbium sínú silicon nitride bí ẹni yìnbọn. Wọ́n ká ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tó gùn tó ìdajì mítà bí ìkarahun ìgbín sórí ibi tó jẹ́ mílímítà mélòó kan péré. Ó gbé 145 mílíwáàtì jáde, ó sì sọ ìmọ́lẹ̀ tó ti rẹ̀ di ìlọ́po 1,000.

Lóòótọ́, iná tọ́ọ̀ṣì ju ìyẹn lọ. Àmọ́ irú agbára tí àwọn ẹ̀rọ onífáíbà tó wà lọ́jà ń mú wá náà nìyẹn. Lésà tó ń bọ́ erbium ló kù: ìta chip ló ṣì wà nínú iṣẹ́ yìí.