Àpá Kékeré Lára Ọkọ̀: Ẹ Má Ṣe Fi Í Sílẹ̀ fún Òjò

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àpá ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu rẹ́gí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó fi ìlú Kánò ṣe ibùjókòó. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Adaidaita Sahu fara ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Àpá náà kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dé irin. Ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò tún un ṣe bí òun bá délé lọ́dún Iléyá. Iléyá dé, kò ráyè. Nígbà tí òjò ọdún kejì yóò fi dá, ọ̀dà ti wú yí àpá náà ká, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti dógùn-ún, ó ti jẹra. Wọ́n gé irin náà kúrò, wọ́n jó òmíràn mọ́ ọn, wọ́n sì kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ó bá iṣẹ́ náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni agolo ọ̀dà kékeré kan àti ìrọ̀lẹ́ méjì péré ìbá ti tó o. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń bẹ ní ìdálẹ̀ létí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ti jìn tó

Aṣọ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní wọ̀ sórí irin. Èkíní ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí ń dáàbò bo irin. Èkejì ni ọ̀dà aláwọ̀ tí ojú ń rí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ó mọ́ gaara bí dígí, òun ni ó ń dán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò nípọn ju ewé ìwé kan tàbí méjì lọ.

Ẹ fọ ojú àpá náà, kí ẹ sì fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èékánná kò bá kọ́, tí àpá náà sì pòórá nígbà tí ẹ da omi sí i, aṣọ òkè nìkan ni ó ha. Bí èékánná bá kọ́, tí ẹ sì rí àwọ̀ eérú, ó ti dé ọ̀dà ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá rí irin tí ń kọ mànà tàbí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ má ṣe jáfara.

Èyí tí kò jìn

Ẹ ra ìpara ìdán-ọkọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ń pè ní kọ́ḿpáùn. Ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ bu díẹ̀, kí ẹ fi í ra ojú àpá náà jẹ́jẹ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì tún wò ó. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ mú sáńpépà nọ́ńbà 2000. Bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni sáńpépà ń kúnná tó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ́n ojú ibẹ̀, kí omi má ṣe gbẹ lórí rẹ̀. Yóò ṣú, ẹ má fòyà, kọ́ḿpáùn ni yóò dá dídán rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ẹ ó dúró, nítorí aṣọ òkè tí a bá pọ́n tán kì í hù padà. Ẹ má sì ṣe fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò kàn án rárá.

Èyí tí ó dé irin

Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí àkọlé tí ó ní nọ́ńbà ọ̀dà ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú tọ ẹni tí ń ta ọ̀dà lọ. Ẹ má kàn wí pé pupa ni ẹ fẹ́. Pupa ju oríṣi kan lọ.

Bí irin bá ti ń dógùn-ún, ẹ fi sáńpépà pọ́n ọn títí irin yóò fi mọ́. Ẹ fi sìpírítì nù ún, kì í ṣe epo bẹntiróòlù, nítorí iná, àti nítorí ọ̀rá tí ó ń fi sílẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sínú àpá náà nìkan. Bí ó bá gbẹ, ẹ kun ọ̀dà aláwọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláìláwọ̀. Ó kéré tán, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dán an.

Ẹ mọ ojú ọjọ́

Ẹ̀yin ará Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, nígbà ọyẹ́, eruku a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ wá ibi tí a ṣíji bò, tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ṣùgbọ́n tí ìjì kò dé. Ẹ má sì ṣe fi aṣọ gbígbẹ nu ọkọ̀ tí eruku bò. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i, nítorí eruku náà gan-an ni sáńpépà. Ẹ̀yin ará Pọ́táákọ̀ àti Wàrì, ẹ dúró de ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin tí ọ̀dà bá bò mọ́lẹ̀ yóò sọ irin di jíjẹra. Níbi gbogbo, ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán.

Ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní lè rí ojú àtúnṣe náà. Kò burú. Ẹwà kọ́ ni olórí iṣẹ́ yìí, bí kò ṣe kí omi má dé irin. Bí ibi tí ó ha bá fẹ̀, tàbí tí irin ti tẹ̀ wọnú, ẹ gbé e tọ oníṣẹ́ lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ọ̀rẹ́ mi ti Kánò ti ra agolo ọ̀dà kékeré tirẹ̀ báyìí. Kò tún dúró de Iléyá mọ́.