Kóòdù Yìí, Ẹ Má Fún Ẹnikẹ́ni!

A kì í lo fóònù ní họ́stẹ́ẹ̀lì, àmọ́ tí ìsinmi bá ti dé, àwa la máa ń di olùkọ́ fóònù nílé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe ní ìsinmi tó kọjá.

Ọ̀rẹ́ màmá mi kan kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi dá a padà." Màmá mi wà ní ìdí iná, wọ́n ní kí n bá wọn fi ránṣẹ́. Mo sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí WhatsApp wọn kò ṣí mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti ń fi orúkọ wọn yá owó kiri. Àbúrò wọn ti san ₦20,000.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? WhatsApp kò mọ ojú ẹni, nọ́ńbà fóònù ló mọ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà yín sínú fóònù tirẹ̀, WhatsApp yóò fi kóòdù tó ní nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sórí láìnì yín. Ẹni tó bá tẹ kóòdù yẹn ló gba ilé. Olè kò nílò láti fọwọ́ kan fóònù yín rárá. Ọ̀rẹ́ màmá mi kọ́ ló sì kọ̀wé yẹn o. Olè ti kọ́kọ́ gba tiwọn ni.

Ẹ fi àgádágodo kejì sí i. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Account, lẹ́yìn náà Two-step verification. Ẹ yan PIN nọ́ńbà 6, ẹ má lo ọjọ́ ìbí. Ẹ fi í-meèlì sí i nítorí ìgbàgbé. Bí olè bá tilẹ̀ rí kóòdù, PIN yóò dá a dúró.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi nọ́ńbà yín wọlé padà, ẹ tẹ kóòdù tuntun tó bá dé, olè yóò sì jáde. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ 7, àmọ́ òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Kí ẹ sì tètè pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ kí wọ́n má sanwó.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri ilé wa. Màmá mi ò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Tí ẹ bá délé, fóònù àwọn òbí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tì pa.