Rìmóòtù Ń Sọ̀rọ̀, Kì Í Gbọ́ Èsì: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹyọ Kan Darí Home Theatre Yín

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra home theatre tòkunbọ̀ ní Alábà rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀rọ náà dáa, ó ń dún dáadáa, owó rẹ̀ ò tó ti tuntun, àmọ́ kò ní rìmóòtù. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ ra universal, kò sí èyí tí kì í gbé." Ẹ délé, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀, ó tàn. Ẹ lè gbé ohùn sókè, ẹ lè gbé e wálẹ̀. Ó wá ku kí ẹ sọ fún un pé kó gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n dípò DVD. Ẹ wá a títí, kò sí bọ́tìnnì tó ń ṣe ìyẹn lára rẹ̀. Orí rìmóòtù tí kò sí yẹn nìkan ló wà. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fowó gidi rà ṣe máa ń di tábìlì tí wọ́n ń gbé ife omi lé nìyẹn.

Universal lè yọ yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, wọ́n á ní ayédèrú ni, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayédèrú. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn ohun tí rìmóòtù ń ṣe gan-an ni.

Ẹ mú rìmóòtù èyíkéyìí tó wà nílé, ẹ kọ iwájú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ máa rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, tó funfun tàbí tó jọ àwọ̀ àlùkò. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn ò bá fi í hàn, ẹ lo ti selfie, torí ti ẹ̀yìn sábà máa ń ní ohun tó ń dènà irú iná bẹ́ẹ̀. Infrared ni iná yẹn. Ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi 940 nanometer, bẹ́ẹ̀ ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá 700. (Bí iná kankan ò bá jáde, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á.)

Iná yìí kì í kàn tàn lásán. Oòrùn ń tú infrared jáde, gílóòbù náà ń tú u jáde, nítorí náà rìmóòtù máa ń mú kí tirẹ̀ ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀ láàárín èrò. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń gé e sí wẹ́wẹ́ láti fi kọ ọ̀rọ̀. Nínú èdè tí wọ́n ń pè ní NEC, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò, iná á kọ́kọ́ tàn fún 9 millisecond, á dákẹ́ fún 4.5. Ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn bá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ gan-an á wá tẹ̀ lé e: òdo àti ení 32. Àlàfo kúkúrú ni òdo, àlàfo tó gùn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni ení. Apá àkọ́kọ́ ń pe orúkọ ẹ̀rọ, apá kejì ń sọ ohun tó fẹ́ kó ṣe. Gbogbo rẹ̀ á parí kó tó pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan.

Orúkọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹnì kan bá dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé face-me-I-face-you tó pariwo "Bàbá Ṣadé!", gbogbo yàrá ló máa gbọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣadé nìkan ló máa yọjú. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n yín kì í fi gbé ohùn sókè nígbà tí ẹ bá ń tẹ rìmóòtù DVD. Èdè pàápàá yàtọ̀ síra: Sony ní tirẹ̀ tó ń ṣẹ́jú ní 40,000, Philips ní RC-5 tó ń ṣẹ́jú ní 36,000. Universal wá jẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè púpọ̀, tó sì mọ orúkọ rẹpẹtẹ, àmọ́ tí kò mọ èwo ni ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ń jẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé pélébé tó bá a wá ni ẹ máa fi sọ fún un.

Ẹ fọwọ́ tan home theatre náà. Ẹ tẹ SETUP mọ́lẹ̀ títí iná orí rìmóòtù á fi tàn tí kò ní paná. Ẹ tẹ bọ́tìnnì irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á tẹ TV, bẹ́ẹ̀ home theatre sábà máa ń wà lábẹ́ AUX, AUDIO tàbí DVD. Ẹ wá tẹ nọ́ńbà iléeṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ rìmóòtù sí ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ POWER. Bí ó bá kú, ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Bí kò bá kú, ẹ lọ sí nọ́ńbà tó kàn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ máa wá a: á máa ju orúkọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rọ á fi kú, ẹ̀yin á sì tètè tẹ bọ́tìnnì tó ń fi pa mọ́. Ẹ ní sùúrù, ó lè pẹ́.

Mo ní "sún mọ́ ọn" torí pé kíkú nìkan ò tó. Nọ́ńbà kan lè pa ẹ̀rọ kó má sì mọ bọ́tìnnì SOURCE rẹ̀, bẹ́ẹ̀ SOURCE yẹn gan-an la torí ẹ̀ ra rìmóòtù. Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi pa mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ máa wá a lọ.

Bí rìmóòtù àtilẹ̀wá bá ṣì wà, tó kàn ti ń kú lọ, universal tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ ló dáa jù. Kì í ṣe nǹkan tuntun: Steve Wozniak tó bá wọn dá Apple sílẹ̀ gbé irú rẹ̀ kan jáde lọ́dún 1987, ó pè é ní CORE. Ẹ kọjú àwọn méjèèjì síra, kí àárín wọn tó ìka méjì sí mẹ́ta, kúrò níbi tí oòrùn ti ń ràn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ti àtilẹ̀wá fẹ́ẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú èdè NEC, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa sọ odindi ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, "bẹ́ẹ̀ náà ni, bẹ́ẹ̀ náà ni" lá máa sọ. Universal lè wá lọ há "bẹ́ẹ̀ náà ni" sórí. Ẹ kọ́ ọ báyìí, kí ti àtilẹ̀wá tó kú pátápátá.

Lẹ́yìn gbogbo ètò yìí, wàhálà kan ṣì wà tí kò sí nọ́ńbà tó lè yanjú rẹ̀. Rìmóòtù ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ èsì. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wà ní títàn tàbí ó ti kú. Bọ́tìnnì POWER kan náà ló sábà máa ń tan nǹkan, òun náà ló ń pa á. Ẹ wá ro ti iná ọba mọ́ ọn. Wọ́n mú un lọ, wọ́n dá a padà, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ tàn, home theatre sùn. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kan tí ẹ ti ṣètò pé kó tan gbogbo ẹ̀rọ pa pọ̀: home theatre jí, tẹlifíṣọ̀n kú. Ẹ tún un tẹ̀, wọ́n yípò padà. Màmá tó jókòó de fíìmù kò ní mọ ẹni tó ń bá wọn ṣeré. Harmony tí Logitech ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó pa á tì lọ́dún 2021, máa ń há a sórí ohun tó ti tàn àti ohun tó ti pa, síbẹ̀ ó ní bọ́tìnnì Help: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á bi yín bóyá tẹlifíṣọ̀n ti tàn. Rìmóòtù olówó ńlá, ẹnu èèyàn ló ti ń gbọ́ ìròyìn. Èmi ò kí ń ṣètò àtanpọ̀ nílé tí iná ò dúró sójú kan. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní POWER tirẹ̀.

Okùn HDMI ló lè gbà wá nínú èyí, torí ẹ̀rọ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, kí wọ́n sì dá ara wọn lóhùn. Bí ẹ bá rí ARC lára ihò HDMI àwọn méjèèjì, ẹ so ibẹ̀, kí ẹ lọ sínú ètò tẹlifíṣọ̀n láti tan CEC. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní Bravia Sync. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nìkan lè máa gbé ohùn home theatre sókè látìgbà náà, ẹ lè má nílò universal rárá. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ ò ní in, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Nọ́ńbà tó bá ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí bátìrì. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti yọ bátìrì wọn, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ló ń bá a lọ.