Thomas Eugene Kurtz

Thomas Eugene Kurtz (22 oṣù Èrèlé 1928 – 12 oṣù Bélú 2024) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, John George Kemeny, ni wọ́n ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní BASIC, àti ètò pínpín àkókò kọ̀ǹpútà ti Dartmouth College, ní ọdún 1964. Kurtz ni olùdarí Ibùdó Kọ̀ǹpútà Kiewit ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà láti 1966 títí di 1975. A mọ̀ ọ́n jùlọ fún èrò kan tí ó ṣàjèjì ní àkókò rẹ̀: pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì tàbí ti lítíréṣọ̀, ni ó yẹ kí ó ní àǹfààní láti lo kọ̀ǹpútà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé àti ẹ̀kọ́

A bí Kurtz ní ìlú Oak Park, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Knox College, ní ìlú Galesburg ní ìpínlẹ̀ kan náà, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1950. Ní 1951, nígbà tí ó lọ fún ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Princeton ní 1956, lábẹ́ àbójútó John Tukey, tí í ṣe ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ statistics.

Ìgbà àkọ́kọ́ ní Dartmouth

Ní ọdún 1956 yìí kan náà ni Kemeny, olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní Dartmouth, gbà á síṣẹ́ ní ìlú Hanover, ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ìlú Budapest ní Hungary ni a ti bí Kemeny, ó sì ti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Albert Einstein rí.

Dartmouth kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ láti ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ihò sí àwọn páálí tí ẹ̀rọ yóò kà. Kurtz a kó àwọn páálí náà sínú àpótí irin, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà Boston, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT ti ní kọ̀ǹpútà IBM 704. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá wà nínú iṣẹ́ náà, ìrìn-àjò ti di asán nìyẹn, ó di ìgbà mìíràn. Kurtz rí i pé ọ̀nà yìí kò lè ṣiṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé nípa àṣìṣe àti àtúnṣe ni ènìyàn fi ń mọ iṣẹ́.

Ní 1959, Dartmouth ra LGP-30, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju tábìlì ìkọ̀wé lọ. Kurtz fi í sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan nínú wọn sì fúnra wọn kọ ètò tí ó ń túmọ̀ èdè ALGOL fún ẹ̀rọ náà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gboyè wọ̀nyí ṣe ni ó fún un ní ìgboyà láti fi iṣẹ́ ńlá lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí ó yá.

Pínpín àkókò àti èdè BASIC

John McCarthy ti MIT ni ó gba Kurtz nímọ̀ràn pé kí Dartmouth gbìyànjú pínpín àkókò. Nínú ètò yìí, kọ̀ǹpútà kan máa ń fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò díẹ̀, yóò sì yára kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó kàn, títí yóò fi yí po padà. Bí ẹ̀rọ náà ti ń yára, olúkúlùkù yóò rò pé òun nìkan ni ó ń dá lóhùn.

Àjọ National Science Foundation fi owó ṣe ìrànwọ́ fún iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣiyèméjì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n lò: GE-225 ń ṣe ìṣirò, Datanet-30 sì ń darí ìsọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ Teletype tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀. Ní ti èdè, Kurtz kọ́kọ́ rò pé a lè gé FORTRAN tàbí ALGOL kúrú, ṣùgbọ́n Kemeny fẹ́ èdè tuntun, Kurtz sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí 1964, àwọn ètò BASIC àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Teletype méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lóye ni a fi kọ BASIC, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

10 LET A = 7
20 LET B = 5
30 PRINT A * B
40 END

Bí a bá tẹ RUN, kọ̀ǹpútà yóò tẹ 35 jáde. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe lè tún ìlà kan ṣoṣo tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láì wọ ọkọ̀ lọ sí ibikíbi.

Olùdarí ibùdó kọ̀ǹpútà

Ní òpin ọdún 1966 ni a ṣí Ibùdó Kọ̀ǹpútà Kiewit, tí a fi orúkọ Peter Kiewit tí ó fi owó kọ́ ọ pè, Kurtz sì di olùdarí rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ dàbí ti ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, tí yóò sì mú ìwé fúnra rẹ̀. A kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kì í sì í béèrè ohun tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe; kódà, a gbà wọ́n láàyè láti ṣeré lórí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú ètò tí ó ń darí àwọn ẹ̀rọ náà, àwọn náà ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù, ètò náà dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ní ẹkùn New England.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ṣí yìí kò tíì ṣí fún gbogbo ènìyàn: ọkùnrin nìkan ni Dartmouth ń gbà fún oyè àkọ́kọ́ títí di 1972.

Láti 1975 sí 1978, Kurtz darí ọ́fíìsì tí ń bójú tó lílo kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ ní Dartmouth. Ó tún ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìlànà àjùmọ̀lò fún BASIC ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ ìkẹyìn àti ìrántí rẹ̀

Kurtz àti Kemeny jẹ́ kí BASIC wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ó fi tàn kálẹ̀: ní 1975, Bill Gates àti Paul Allen kọ ẹ̀yà rẹ̀ kan fún kọ̀ǹpútà Altair, èyí tí ó di ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ Microsoft. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí ní ìpalára tirẹ̀, nítorí olúkúlùkù ń gé èdè náà bí ó ti wù ú, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò sì bára mu mọ́. Nítorí náà ni àwọn méjèèjì fi dá ilé-iṣẹ́ True BASIC sílẹ̀ ní 1983, kí wọ́n lè gbé ojúlówó rẹ̀ jáde.

Kurtz fẹ̀yìntì ní 1993. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Computer Pioneer ti ẹgbẹ́ IEEE ní 1991, a sì fi í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá ti ACM ní 1994. Kemeny ti kú ní 1992. Kurtz kú ní ẹni ọdún 96. Lónìí, BASIC kò gbajúmọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èrò tí ó bí i, pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun ìní àwọn ọ̀mọ̀ràn díẹ̀, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lágbàáyé ń tẹ̀lé.