ÒKÈ ÌDÀNRÈ: BÍ Ó ṢE DÉBẸ̀ ÀTI ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ A TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan nínú yín tí kò tíì gbọ́ orúkọ Òkè Ìdànrè. Bí mọ́tò bá gbé ènìyàn kúrò ní Àkúrẹ́, tí ó dorí kọ ọ̀nà Ìdànrè, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rí àpáta ńláńlá tí wọ́n yọ orí sókè láàrin igbó. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nítòsí ńkọ́? Ṣé a mọ bí àpáta náà ṣe débẹ̀? Ṣé a mọ ohun tí ó ń gbé lórí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kà nípa rẹ̀.

1. Bí àpáta náà ṣe débẹ̀

Orúkọ irú òkúta tí ó pọ̀ jù ní Ìdànrè ni giraníìtì. Òkúta líle ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí a fi ń po kọnkéré.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ọjọ́ orí àpáta yìí tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Mílíọ̀nù kan ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni láyé nígbà náà.

Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta fi yọ́, gẹ́gẹ́ bí òjé ti ń yọ́ nínú iná alágbẹ̀dẹ. Òkúta yíyọ́ yìí ru sókè, ṣùgbọ́n kò dé ojú ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó dúró sí, ibẹ̀ ni ó sì tutù sí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì. Nítorí pé kò tètè tutù, hóró inú rẹ̀ tóbi. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n: bí omi iyọ̀ bá gbẹ kíákíá, iyọ̀ á kúnná, bí ó bá rọra gbẹ, hóró rẹ̀ á tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpáta. Bí ẹ bá wo àpáta Ìdànrè dáadáa, ẹ ó rí hóró funfun àti hóró dúdú tí wọ́n so mọ́ra.

Báwo wá ni ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣe di òkè? Òjò ni. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé ilé àtijọ́. Ọdọọdún ni òjò ń gbá erùpẹ̀ lọ, títí ìpìlẹ̀ ilé á fi yọ síta. Bẹ́ẹ̀ ni òjò àti odò ṣe gbá ilẹ̀ tí ó bo àpáta Ìdànrè lọ. Ohun tí ó rọ̀ bá omi lọ. Giraníìtì le, ó sì dúró. Ní àwọn ibi tí òkè náà ga, ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sókè ju ojú òkun lọ.

Kí ló dé tí àpáta náà fi rí róbótó bí orí àpárí? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹrù ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kúrò, ara tu àpáta náà, ó sì ń sán ní ìpele-ìpele. Oòrùn ọ̀sán ń mú un gbóná, òjò sì ń mú un tutù. Nígbà tí ó bá pẹ́, ìpele òkè á ṣí kúrò, bí èèpo àlùbọ́sà.

Kì í ṣe gbogbo òkè ni ó débi tí ó wà báyìí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Alps. Ilẹ̀ ńlá méjì ni ó ti ara wọn, tí ilẹ̀ àárín wọn sì ká sókè, bí ẹní ṣe ń ká jọ bí a bá tì í mọ́ ògiri. Mont Blanc, tí ó wà nínú àwọn òkè náà, ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15,000 lọ, yìnyín sì bo orí rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Ìdànrè kò ga tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ọjọ́ orí, ọmọdé ni àwọn òkè Alps lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè.

2. Àwọn tí ó gbé orí òkè

Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ní ayé ogun, ibi ààbò ni. Ọ̀tá tí ó bá ń gun àpáta bọ̀, ojú gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Omi sì wà lókè, ilẹ̀ sì wà láàrin àwọn àpáta tí wọ́n lè kọ́lé sí.

Ní ọdún 1896, àwọn oníwàásù dá ilé ìwé sílẹ̀ lórí òkè. Ẹ rò ó wò: kí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ní ilé ìwé, ọmọ orí àpáta ti ń ka A, B, D.

Nígbà tí ogun ti tán, tí òwò àti kòkó dé, òkè di ìnira. Ta ni yóò máa ru ẹrù gun àpáta lójoojúmọ́? Lẹ́yìn ọdún 1920 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ṣùgbọ́n ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́, ilé agogo àti ibojì àwọn baba ńlá ṣì wà lókè. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn. Àwọn àgbà a máa sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́!

3. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò sí níbòmíràn

Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà lórí òkè yìí. Ní ọdún 1963 ni onímọ̀ ará Denmark kan, Arne Schiøtz, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì rí irú ọ̀pọ̀lọ́ yìí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé, àfi ní Òkè Ìdànrè. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ ni a mọ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ọ̀pọ̀lọ́ yìí a máa gbé lára àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti run. Àfi ní ọdún 2013 tí wọ́n tún rí i lórí òkè náà. Bí àpáta bá gbẹ, bí omi rẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí ibi tí a tún ti lè lọ mú irú rẹ̀ wá.

4. Àlejò àti owó

Àtẹ̀gùn ni a fi ń gun òkè náà. Ó lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ gbé omi mímu dání. Ẹ má ṣe gun àpáta nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ṣíwájú yín.

Àlejò kan tí ó wá, owó rẹ̀ ń kan ọ̀pọ̀ ènìyàn: awakọ̀, ẹni tí ó mú un gun òkè, ìyá oníyán, àti onílé tí ó sùn sí. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé ó wà lára àwọn ibi tí òun fẹ́ kí wọ́n kà sí ogún gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba oyè yẹn ní ọdún 2005.

5. Ohun tí ó lè ba òkè jẹ́

Àgbẹ̀ kan lè bi wá pé: "Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni n ó jẹ ni? Ilẹ̀ kòkó ni mò ń wá." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kòkó ni ó ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdànrè lọ sí ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a kà lókè yìí. Abẹ́ erùpẹ̀ Òkè Ìdànrè, àpáta ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, erùpẹ̀ náà kò jìn. Gbòǹgbò igi ni ó dì í mú. Bí a bá gé igi tán, tí a sì sun igbó, òjò ńlá á gbá erùpẹ̀ náà lọ, àpáta lásán ni yóò kù. Kòkó kò ní hù lórí rẹ̀. Omi kò ní dúró nínú rẹ̀. Ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa kò sì ní pẹ́ láyé tó láti rí i kí erùpẹ̀ mìíràn tó dà síbẹ̀. Kí àgbẹ̀ dá oko rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi igi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀. Òkè náà kò ní jẹ́ kí omi rẹ̀ wọ́n ọn.

Ní ilẹ̀ Switzerland, ní àárín àwọn òkè Alps, wọ́n ya igbó kan sọ́tọ̀ láti ọdún 1914. Àlejò kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ já òdòdó, kò gbọdọ̀ dáná. Síbẹ̀, àlejò kò yéé wá. Ohun tí a kò bàjẹ́ ni wọ́n ń wá wò.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ má ṣe ju ike tàbí ọ̀rá sílẹ̀ lókè. Ẹ má ṣe fi iná sí igbó nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan sì tún kù fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ. Ó ń wu ènìyàn láti kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sára àpáta. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ni ó gbá ilẹ̀ orí àpáta Ìdànrè lọ?
2. Kí ló dé tí àwọn ará Ìdànrè fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?
3. Níbo ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè ń gbé?
4. Òkè wo ni ó wà nítòsí yín? Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀.