Ṣé O Mọ̀? Ibi Ọmọ Àti Ìtọ̀ Ṣúgà Inú Oyún

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ ibi ọmọ gan-an wà nínú ìtọ̀ ṣúgà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú oyún? Họ́mọ̀nù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í jẹ́ kí ínsúlínì ríṣẹ́ ṣe tó bó ṣe yẹ, kí ṣúgà lè ṣẹ́ kù fún ọmọ. Bí oyún ṣe ń dàgbà ló ń le sí i. Obìnrin tí páńkíríásì rẹ̀ bá lè pèsè ínsúlínì kún èyí tó wà, kò ní mọ ohunkóhun lára. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá lè bá a dọ́gba ni ṣúgà rẹ̀ ń ga. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ fún irú aboyún bẹ́ẹ̀ pé ọ̀fun rẹ̀ ló kó bá a.

Ṣé o mọ̀ pé ṣúgà ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ínsúlínì rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rárá? Ẹ́ńsáìmù wà níbẹ̀ tó ń gé e wẹ́wẹ́. Ọmọ ní láti pèsè tirẹ̀. Jørgen Pedersen, dókítà ará Denmark, ló fi èyí ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi ń sanra jù: ṣúgà ìyá pọ̀, ti ọmọ náà pọ̀, páńkíríásì ọmọ ń tú ínsúlínì jáde láìsinmi, ínsúlínì ọ̀hún sì ń sọ ṣúgà di ọ̀rá.

Ẹ́ńsáìmù mìíràn, lipoprotein lipase, ń gé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kéékèèké kó lè dọ́dọ̀ ọmọ. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Sweden ròyìn pé iṣẹ́ rẹ̀ ga sí i nínú ibi ọmọ àwọn ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní. Kì í wá ṣe ṣúgà nìkan ló ń kún ọmọ náà.

Ẹ́ńsáìmù méjì mìíràn tó wà nínú ibi ọmọ, catalase àti superoxide dismutase, ń pa oró tí ìjóná oúnjẹ ń fi sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ẹrù wọn á wúwo.

Láti 1859 ni Claude Bernard, ará Faransé, ti rí ṣúgà tí a kó pa mọ́ nínú ibi ọmọ. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí ìkópamọ́ yìí pọ̀ sí i, ibi ọmọ fúnra rẹ̀ á sì tẹ̀wọ̀n ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìbá wù mí kí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí máa gbé e lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó dì í fún bàbá ọmọ lọ sin.

Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà inú oyún? Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Aboyún á gbààwẹ̀ mọ́jú, á mu gíráàmù 75 glucose nínú omi. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2013 ni pé bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá tó 5.1 mmol/L kó tó mu ún, tàbí 10.0 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí 8.5 lẹ́yìn méjì, ìtọ̀ ṣúgà ti wà níbẹ̀. Ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó.

Ṣé o mọ̀ pé gbàrà tí ibi ọmọ bá ti jáde, ínsúlínì tí ìyá nílò máa ń já wálẹ̀? Síbẹ̀, kó tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Páńkíríásì ọmọ ní tirẹ̀ kò tíì dẹwọ́ ínsúlínì, ṣúgà ìyá sì ti dáwọ́ dúró, nítorí náà ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń gún un ní gìgísẹ̀, tó sì ń rọ ìyá pé kó tètè fún un lọ́mú.